Bíà Kérésì tó le: ti èròjà ni kẹ́ ẹ rà, ti àgbá, àbí aládàlù?

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ọtí ní London, Houston tàbí Brussels láti oṣù Kọkànlá lọ á bá ìgò dúdú rẹpẹtẹ níbẹ̀, tí wọ́n ya yìnyín, igi Kérésì tàbí bàbá onírùngbọ̀n funfun sí lára. Wọ́n wọ́n ju bíà ojoojúmọ́ lọ dáadáa. Ohun tó wà nínú wọn ò sì jọra. Òmíràn ní èròjà bí èèpo ọsàn àti kànáfùrù nínú, àmọ́ kò dé inú àgbá onígi rí. Òmíràn ti sùn nínú àgbá wisikí fún bí ọdún kan, kò sì sẹ́ni tó ju èròjà kankan sí i. Òmíràn gba méjèèjì. Òmíràn ò sì gba ìkankan, agbára ọtí àti ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ló fi ń yangàn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé èwo ló le jù. Ìbéèrè tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni pé: ìgbà wo lẹ fẹ́ mu ún? Òórùn èròjà ló máa ń kọ́kọ́ sá nínú bíà. Adùn igi ń pẹ́ jù ú lọ, agbára ọtí ò sì lọ síbì kan. Ẹni tó fẹ́ ṣí ìgò lọ́jọ́ Kérésì tó ń bọ̀ yìí àti ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀ di ọdún márùn-ún, ìgò kan náà kọ́ ló yẹ kí wọ́n rà.

Mẹ́rin rèé tó lè ṣojú fún àwọn yòókù:

| Bíà | Ibi tó ti wá | Agbára | Èròjà | Àgbá | Ìgbà tó dáa jù |
|---|---|---|---|---|---|
| Gouden Carolus Christmas | Mechelen, Bẹ́ljíọ̀mù | 10.5% | ó ní | kò sí | ọdún tí ẹ rà á, títí di bí ọdún mẹ́ta |
| Bourbon Barrel Gingerbread Stout (Hardywood) | Richmond, Virginia | ó lé ní 10% | atalẹ̀, sínámọ́nì, fànílà, oyin | bourbon (wisikí Amẹ́ríkà) | kó tó pé ọdún kan |
| Bourbon County Brand Stout | Chicago | ó ń yí lọ́dọọdún, nǹkan bí 13 sí 15% | kò sí | bourbon | ọdún kìíní sí ìkarùn-ún |
| Samichlaus Classic | Vorchdorf, Ọ́stríà | 14% | kò sí | kò sí | ó lè tó ọdún mẹ́wàá |

Iṣẹ́ tí àgbá ń ṣe

Òfin Amẹ́ríkà ni pé inú àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ ni bourbon gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣe bourbon kò lè tún àgbá yẹn lò fún bourbon mìíràn, ló bá di títà fún àwọn apọntí. Àgbá kan ń gba nǹkan bí 200 lítà. Wisikí tó ti mu wọ inú pákó rẹ̀ ò gbẹ tán, bíà tí wọ́n bá sì dà sí i á máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíà tó wọlé ní 11% fi lè jáde ní 12% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi fúnra rẹ̀ ń fi adùn fànílà, àgbọn àti èéfín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó sì ń fi nǹkan tó jọ kànáfùrù sílẹ̀. Ìwúkàrà àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù kan náà máa ń mú òórùn bíi ti kànáfùrù wá. Torí náà, tí imú yín bá gbọ́ kànáfùrù, ẹ má tíì sọ pé wọ́n fi í sí i. Kànáfùrù gidi máa ń mú kí ahọ́n fẹ́ kú díẹ̀, èyí tó wá láti ara igi tàbí ìwúkàrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bíà tó gba àgbá àti èròjà pọ̀ ló ṣòro ṣe jù nínú gbogbo wọn, torí fànílà igi àti fànílà èròjà ń lé ara wọn lórí. Bí apọntí ò bá ṣọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ á di àkàrà òyìnbó inú ìgò. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń jẹ́ kí bíà kúrò nínú àgbá kí wọ́n tó fi èròjà sí i, wọ́n á máa tọ́ ọ wò lójoojúmọ́, wọ́n á sì kó èròjà jáde lọ́jọ́ tó bá tó. Tí ìwé ara ìgò bá sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ kà á. Ó wúlò ju gbogbo ìyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣé ọtí ló ń ta yín ni, àbí èròjà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé bíà kan "le gan-an" ò tíì yà á sọ́tọ̀ bóyá ọtí ló ń jó òun lọ́fun tàbí atalẹ̀. Ẹ̀tàn yìí ti pẹ́. Ataare tí gbogbo wa mọ̀ nídìí ìsọmọlórúkọ wà lára ohun tí àwọn apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń bù sí bíà tó ti fẹ́lẹ́, kó lè ta mùkún bí èyí tó le. Nígbà tó di 1816, ilé aṣòfin wọn fòfin dè é pé apọntí ò gbọ́dọ̀ ní ataare lọ́wọ́, wọ́n sì ka oyin àti likorísì (egbò igi dídùn kan) mọ́ ọn. Òfin yẹn ti di ìtàn, ataare sì ti padà sínú bíà lójúkojú: ó wà nínú Summer Ale tí Samuel Adams ń ṣe, ẹ ó sì rí i nínú ti àwọn apọntí kéékèèké tó ń ṣe bíà Kérésì.

Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Ẹ mu ẹ̀kún ẹnu kékeré kan, ẹ gbé e mì, kí ẹ wá fi imú mí síta. Ooru ọtí máa ń gba imú àti àyà kíá, á sì rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Atalẹ̀ ń ta ẹ̀yìn ahọ́n àti ọ̀fun, kì í tètè lọ. Ataare máa ń pẹ́ kó tó dé. Tó bá dé, òórùn bíi ti èèpo ọsàn máa ń tẹ̀ lé e. Ata gidi, irú èyí tí ilé ìpọntí Perennial ní St. Louis ń fi sí bíà Abraxas wọn, ètè ló ń mú, ẹnu kejì sì máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sínámọ́nì kì í ta tó wọ̀nyẹn. Gbígbẹ ló ń gbẹ ẹnu, ó ń fún un bíi ti obì.

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò rí ìkankan nínú àwọn ìgò òkè yìí lè fi stout tó wà lọ́jà kọ́ imú rẹ̀. Ẹ ra ìgò Guinness tàbí Legend kan (7.5% ni méjèèjì), kí ẹ da ìwọ̀n 60 ml sínú ife márùn-ún. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ẹ fi kànáfùrù ẹyọ kan tí ẹ ti tẹ̀ fọ́ sí èkejì, igi sínámọ́nì tó gùn tó ìdajì ìka sí ẹ̀kẹta, atalẹ̀ tútù tí ẹ gé pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀kẹrin, àti hóró ataare mẹ́ta tí ẹ ti lọ̀ sí ìkarùn-ún. Ẹ má ṣe kún ife dé ẹnu, torí bí nǹkan líle bá ti kan bíà, á hó. Ẹ bò wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbọ́ òórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa padà sí ti àkọ́kọ́ tí ẹ ò fi nǹkan sí láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ máa rí i pé kànáfùrù ẹyọ kan péré ti gba gbogbo ife. Ẹ̀yin náà á wá mọ ìdí tí bíà Kérésì mélòó kan fi máa ń rùn bí iyàrá oníṣègùn eyín.

Gouden Carolus Christmas, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Ilé ìpọntí Het Anker ní Mechelen ló ń ṣe é. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń pọn ún kó lè sinmi kí ọdún tó dé. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ìfófòó rẹ̀ pọ̀, ó sì mọ́ lẹ́nu: èso àjàrà gbígbẹ, ṣúgà jíjó, likorísì, lẹ́yìn náà ooru ọtí. Èròjà rẹ̀ ò pariwo. Ẹ máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ lè má lè dárúkọ rẹ̀. A fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí kò mu irú rẹ̀ rí, èyí ni ká fún un.

Ìwúkàrà wà nísàlẹ̀ ìgò rẹ̀. Ẹ gbé e dúró fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó ṣí i, ẹ dà á ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láìdá ọwọ́ dúró, kí ẹ sì fi nǹkan bíi ìka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ìgò náà bá jẹ́ 75 cl, ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kó mu ún.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Christmas Ale ti Great Lakes ní Cleveland. 7.5% ni, ó ní oyin, atalẹ̀ àti sínámọ́nì. Ilé iṣẹ́ náà ti gbé irú rẹ̀ tó gba inú àgbá bourbon jáde. Bí ẹ bá rí méjèèjì, kò sí ẹ̀kọ́ tó dáa tó kí ẹ gbé wọn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: nínú èyí tí kò wọ àgbá, atalẹ̀ ló wà níwájú, nínú èyí tó wọ̀ ọ́, fànílà àti wisikí ti tì í sẹ́yìn.

Gingerbread Stout inú àgbá àti Bourbon County: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Àwọn méjì yìí ni wọ́n máa ń ṣì mú fún ara wọn. Dúdú ni méjèèjì, wọ́n ki, bourbon sì wà lára méjèèjì. Owó wọn kì í ṣe ti eré.

Ti Hardywood ní wàrà nínú, àní ṣúgà wàrà tí ìwúkàrà kò lè jẹ. Òun ló jẹ́ kó dùn tó sì nípọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wàrà máa ń rú nínú kó ṣọ́ra. Kì í ṣe ọtí nìkan ló lè dà á láàmú ní òru. Adùn atalẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ra bíà yìí fún, atalẹ̀ yẹn náà ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ohun tó kù ni stout dídùn kan tó gba inú àgbá. Kò burú o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ sanwó fún. Ẹ wo déètì ara ìgò. Bí ẹni kan bá ń ta ti ọdún méjì sẹ́yìn fún yín ní owó gegere nítorí pé "ó ti dàgbà", ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Bourbon County tí wọ́n kò fi nǹkan kan kún ló yẹ fún ìtọ́jú. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni Goose Island, ilé ìpọntí tó ń ṣe é, máa ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọtí rẹ̀ máa ń gún imú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó á ti rọ̀, ṣokoléètì àti èso gbígbẹ á sì wá hàn. Àwọn oríṣi mìíràn wà tí wọ́n fi kọfí, èso tàbí èròjà sí. Àwọn yẹn ò sí lára ohun tí à ń sọ pé kí ẹ tọ́jú. Ẹ ka ara ìgò dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí ìrísí wọn jọra.

Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ ńlá kì í ṣe ẹ̀rí. Lára àwọn tí Goose Island gbé jáde ní 2015 di kíkan torí pé kòkòrò àìfojúrí wọ inú wọn, ilé iṣẹ́ náà sì dá owó padà fún àwọn tó rà á. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ Guinness àti Legend: ẹ má retí ìkorò. Stout tí à ń mu nílé korò, ó sì gbẹ lẹ́nu. Àwọn méjì yìí dùn, wọ́n sì wúwo bí oyin. Bàbá tó ti fi ogójì ọdún mu stout Nàìjíríà lè tọ́ ọ wò kó sì gbé ife kalẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rà fún irú wọn, ẹ ra èyí tí kò ní èròjà, kí ẹ sì bu díẹ̀ fún wọn.

Samichlaus

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá nìkan ni wọ́n ń pọn ún lọ́dún, ìyẹn ọjọ́ Nikọ́láàsì Mímọ́, á sì sinmi fún bí oṣù mẹ́wàá nínú òtútù. Hürlimann ní Zurich ló kọ́kọ́ ń ṣe é, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Eggenberg ní Ọ́stríà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìfófòó, ó dùn, ó sì ń gbóná láyà bíi wáìnì líle. Ẹni tí kò fẹ́ èròjà, tí kò fẹ́ wisikí, tó sì fẹ́ ìgò tó máa dúró di ìgbà tí ọmọ á fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ló yẹ fún. Tuntun rẹ̀ kò wù wá púpọ̀, ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.

Bí ẹ ṣe máa tọ́ wọn wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Mẹ́ta ti tó fún ìjókòó kan, mẹ́rin ni òpin. Ẹ gbé wọn jáde nínú fìríìjì ní bí ìṣẹ́jú ogójì ṣáájú, kí wọ́n lè wà ní 10 sí 14°C. Nínú ooru Èkó, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Bíà Kérésì tó tutù bíi yìnyín kò ní òórùn, gáàsì àti dídùn nìkan lẹ máa mọ̀. Ẹ lo gíláàsì wáìnì tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ sì fún díẹ̀. 80 sí 100 ml ni kí ẹ dà sí i, kí àyè wà fún òórùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù. Bí méjì bá dọ́gba, èyí tí kò ní èròjà ló ń ṣáájú, torí lẹ́yìn atalẹ̀ àti ata ahọ́n ò ní mọ nǹkan tó fara sin mọ́. Gbọ́ òórùn kí ẹ tó mì ín, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ife díẹ̀. Omi lásán àti búrẹ́dì ni kó wà lórí tábìlì. Súyà àti ẹran díndín oníyájì dìgbà tí ìtọ́wò bá parí. Ẹ tún fi ìdajì ife kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dájọ́: bí wọ́n bá ti ń gbóná, èyí tí ẹ fẹ́ràn jù lè yí padà.

Àbùkù tó yẹ kí ẹ dá mọ̀

Kíkan bíi fínígà nínú stout inú àgbá bourbon jẹ́ àbùkù; atẹ́gùn tàbí kòkòrò ló wọ àgbá. (Àwọn bíà Bẹ́ljíọ̀mù tó gba inú àgbá wáìnì lè kan díẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́. Stille Nacht Reserva ti De Dolle, tó gba inú àgbá Bordeaux (wáìnì ilẹ̀ Faransé), ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.) Adùn ọbẹ̀ ṣóyà túmọ̀ sí pé ó ti gbó jù tàbí pé ìwúkàrà ti kú sínú rẹ̀. Òórùn páálí tó tutù, atẹ́gùn ló bà á jẹ́. Bí ó bá ń korò bíi pákó tí ẹ ń họ, ó ti pẹ́ jù nínú àgbá. Bí ìgò bá tú yàà bí ẹ ṣe ṣí i bó tilẹ̀ tutù, ẹ fura sí kòkòrò. Àìhó rárá ní 13% sókè kì í ṣe àbùkù, ọtí tó pọ̀ ló ń pa ìfófòó.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgò àtijọ́ lọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Anchor ní San Francisco ń ṣe bíà Kérésì tí ìlànà rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún láti 1975. Ilé ìpọntí náà ti ilẹ̀kùn ní 2023, owó ìgò tó ṣẹ́ kù sì gòkè. Fún àwọn tó ń kó ìgò jọ, ó dáa. Fún mímu, òórùn èròjà ọdún wọ̀nyẹn ti lọ tipẹ́.

Gbígbé e wálé, àti ìwọ̀n tó yẹ

Ẹni tó fẹ́ gbé ìgò wá sí Nàìjíríà fún ọdún, inú ẹrù tí bàálù ń gbà ni kó wà, kì í ṣe àpò ọwọ́. Òfin ààbò bàálù kì í ka iye ọtí tí agbára rẹ̀ kò ju 24% lọ, àmọ́ ìwọ̀n ẹrù àti òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ṣì wà. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn sí ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, kí ẹ sì gbé e sáàárín aṣọ. Tí ó bá délé, ìsàlẹ̀ fìríìjì ló yẹ, ní ìdúró, kódà bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀. Oṣù mélòó kan nínú àpótí níbi tí ooru ti tó 30°C á mú kí bíà gbó ju iye oṣù kan náà nínú yàrá tútù lọ.

Ìgò kékeré yìí máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Bí ilẹ̀ Britain ṣe ń ka ẹyọ ọtí (10 ml ọtí pọ́ńbélé ni ẹyọ kan), ìgò Star ńlá kan, 60 cl tó lé díẹ̀ ní 5%, jẹ́ ẹyọ mẹ́ta. 33 cl bíà 12% tó mẹ́rin. Bourbon County 50 cl ní 14% jẹ́ méje, Gouden Carolus 75 cl sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ. Mẹ́rìnlá ni àwọn dókítà ìjọba ibẹ̀ ní kí àgbàlagbà má kọjá lọ́sẹ̀. Ẹ pín in, kí ẹni tó máa wakọ̀ má sì fẹnu kàn án.

Bí ó bá kù nínú ìgò, ẹ fi ìdérí onírọ́bà dí i kí ẹ sì dá a padà sí fìríìjì. Stout inú àgbá á dúró di ọjọ́ kejì láìyí padà púpọ̀. Ti Bẹ́ljíọ̀mù á ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí gáàsì ló gbé e ró.